Ààrẹ Tuntun Bi Mí Pé: Owó Omi Wo Nìyí?

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn sí mi létí láti inú ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ̀kan rí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Bí ẹ bá rí àṣìṣe ìkọ̀wé níbẹ̀, tiẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tèmi ni, mo sì lè dúró tì í níwájú ẹnikẹ́ni.

Aláró ni mí ní Abẹ́òkúta. Ìyá tó bí mi, aró ló fi tọ́ mi. Ìyá tó bí ìyá mi náà, aró ni. Láyé tiwọn, ewé ẹlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fi eérú sẹ́ omi aró sínú ìkòkò. Tiwa lónìí, aró inú agolo àti sódà ni. Ohun púpọ̀ ti yí padà, àmọ́ omi kò yí padà. Aṣọ tí a bá fi àbẹ́là ya, a óò sè é nínú omi tó ń hó kí àbẹ́là rẹ̀ lè yọ́ dànù, a óò fọ̀ ọ́, a óò ṣàn án, a óò tún un ṣàn, títí omi ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Aláró tó bá ń fi omi ṣahun, aṣọ rẹ̀ á máa ṣí sí oníbàárà lára lóde àríyá, ẹ̀yin náà sì mọ orúkọ tí wọn yóò pè é lọ́jọ́ kejì. Aṣọ ọ̀pá márùn-ún kan ṣoṣo, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà ló ń jẹ lọ́wọ́ mi, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni mo wí o.

Ibo wá ni omi wà? Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́, abẹ́ òkúta la wà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga ládùúgbò wa, kò ní gbẹ́ jìnnà kí àpáta tó dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn ju ti ọlọ́mọ tuntun lọ nígbà tí ẹgbẹ́ kan wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wọ̀nyí ni, àwọn tí wọ́n máa ń pé jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń fi owó ara wọn àti tí ọ̀rẹ́ wọn ṣe ìlú láǹfààní. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí n kò wá bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí kànga yẹn, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n lu ìlù, ààrẹ ẹgbẹ́ ọdún yẹn fi àlùmọ́gàjí gé rìbọ́ǹnì pupa. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, ọdún tó jẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà jó. Mo tilẹ̀ súre fún un débi pé ohùn mi há.

Oṣù mẹ́rin péré, pọ́ǹpù jóná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó máa wá tínrín lówùúrọ̀ tí yóò sì dé bí àrá lálẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ ìlọta mọ ohun tí mò ń wí. Láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ ló ń sùn nídìí kànga, àwọn ọmọdé sì ń sá aṣọ ilé ìwé wọn sára irin tó gbé táńkì dúró. Ọ̀dà ara ògiri nìkan ni kò ṣí. Orúkọ ààrẹ ń dán, ẹnu ẹ̀rọ gbẹ.

A kúkú lọ bá wọn. Àwa mẹ́ta la lọ, a wọ aṣọ tó dáa. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn kò rí wa fín, ó fi wá sórí àga, ó fún wa lómi mu. (Omi inú ọ̀rá ni.) Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Ààrẹ tó gbẹ́ ẹ fún yín ti parí tiẹ̀. Èyí tó wà lórí oyè báyìí, àga àti tábìlì ilé ìwé ni iṣẹ́ tiẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọdún kan ṣoṣo ni ààrẹ wọn ń lò. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni wọ́n ń gbé oyè fún ẹlòmíràn, bí ọba tó ń wàjà lọ́dọọdún. A dìde, a dúpẹ́, a padà sílé.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín o. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan. Nígbà tí kànga ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ síkàáwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní kí oníkẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan máa dá náírà mẹ́wàá, kí a lè ní nǹkan lápò bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ bú u, èmi ni. Mo ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí, omi ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún wa lo fẹ́ máa tà fún wa? Ṣé bàbá rẹ ló gbẹ́ ẹ ni?" Àwọn yòókù gbè mí. Ọmọ náà ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí pọ́ǹpù jóná, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti wá a lọ láti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ìsọ̀ mi. Ó ní, "Àrẹ̀dú o, Ìyá Aláró." Inú mi dùn, nítorí ìwọ̀nba èèyàn ló ṣì mọ̀ pé bí a ti ń kí aláró nìyẹn. Ilé oògùn ló ní, kò tíì tó àádọ́ta ọdún. Ó ní òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lóṣù Keje, òun sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn òun wọ àdìrẹ gidi lọ́jọ́ náà, ọgọ́ta ènìyàn, ọ̀pá márùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn kan ti ń sọ fún òun pé kí òun ra ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti òkè òkun, pé kò wọ́n, òun sì kọ̀. Mo dì mọ́ ọn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń pa aró l'Abẹ́òkúta, yóò sọ ohun tí ayédèrú yẹn ti fi ojú wa rí.

A ná an, ó tà. Ìgbà tó fún mi ní owó àsansílẹ̀ tó lọ tán ni mo tó bi í léèrè lọ́dọ̀ ọmọ tó tẹ̀lé e wá pé ẹgbẹ́ wo nìyí. Háà! Àwọn oníkànga wa ni.

N kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ni mo gbájú mọ́. Òjò ọdún náà sì ṣe ségesège: ìgbà tí a gbé báfù síta kò rọ̀, ìgbà tí a sá aṣọ ló dé. Mẹ́rúwà ló ń gbé omi wá fún mi, ọgọ́rùn-ún náírà kẹ́ẹ̀gì kan. Aṣọ ọgọ́ta, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ bá mi ṣírò ó: kẹ́ẹ̀gì 360, ₦36,000. Gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ bí ogójì ni kànga wọn fi jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣan aṣọ wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo ní kí ọmọ mi kọ ìwé owó. Owó aṣọ, owó aró, owó àbẹ́là, owó igi ìdáná, owó ọwọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá pé: Owó omi, ₦36,000. Ọmọ mi wò mí lójú. Ó ní, "Màámi, a kì í kọ owó omi sọ́tọ̀." Mo ní kó kọ ọ́.

Màdáámú ka ìwé náà, ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. "Ìyá Aláró, owó omi wo nìyí? Ṣebí àwa la gbẹ́ kànga sí àdúgbò yìí? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣí i."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ibẹ̀, Màdáámú."

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló dìde fún wa. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó tì í, ó tún un ṣí. Ó wo orúkọ tó wà lára ògiri. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé ìsọ̀, ó san owó mi pé, ti omi pẹ̀lú, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí lóru ọjọ́ náà. Mo ní mo ti fi ẹnu ara mi ba ọjà ara mi jẹ́. Oníbàárà ọgọ́ta aṣọ kì í wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí sí ilé oògùn rẹ̀, ó gbé àga fún mi lẹ́yìn káńtà, ó sì tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti dá a lábàá níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé kí àwọn má gbẹ́ kànga tuntun lọ́dún òun, kí àwọn tún mẹ́ta tó ti kú ṣe, nítorí tiwa nìkan kọ́ ló kú. Owó kànga tuntun kan á tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ṣe, á sì ṣẹ́ kù. Wọ́n bi í pé, kí ni wọn yóò wá kọ orúkọ rẹ̀ sí? Wọ́n ní ààrẹ tó bá tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, ta ni yóò mọ̀ pé ó jẹ? Wọ́n tún ní ẹni tó gbẹ́ tiwa lè rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá, obìnrin ni mí. Bí ọdún mi bá lọ láìsí ohun tí ojú rí, wọn yóò ní obìnrin ló jẹ ẹ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀."

Ó wá ń sọ ìtàn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbádùn rẹ̀. Rotary ló ní ó ṣáájú, ẹ má fi orúkọ yìí mọ ẹgbẹ́ tí mò ń sọ o. Lọ́ọ́yà kan tó ń jẹ́ Paul Harris ló dá a sílẹ̀ ní Chicago lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Ọ́fíìsì ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yíyí tí wọ́n ń yí kiri yẹn ló fún wọn lórúkọ. Mo ní, ṣé bí ẹgbẹ́ alájọ tiwa náà ṣe ń yí ilé kiri nìyẹn! Lions náà, Chicago kan náà, Melvin Jones, ọdún 1917. Ó ní kó tó di 1989, òfin Rotary kò gba obìnrin láyè rárá. Ó ní ọmọ Nàìjíríà ti jẹ ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé rí, Jonathan Majiyagbe, lọ́ọ́yà ní Kano, láti 2003 sí 2004. Òun náà, ọdún kan.

Ibi tó ti dé ọ̀rọ̀ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni etí mi là. Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó tẹ̀lé mi, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ ilé ìwé títí ó fi wúwo jù mí lọ. Ó ń ṣe bàtà báyìí, ó ń ṣe bàtà fún ẹni tó lẹ́sẹ̀ méjì. Màdáámú ní ọdún 1985 ni Rotary gbé ogun ti àrùn náà, pé kí wọ́n kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu káàkiri ayé. Ó ní ọdún tí ọmọ Kano yẹn wà lórí oyè gan-an ni ìjọba Kano ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó lọ́wọ́ kan nínú. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Wọ́n kò fi sílẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n rí irú àrùn náà tó ti ìpilẹ̀ wá kẹ́yìn ní Nàìjíríà, lọ́hùn-ún ní Borno, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Rotary nìkan kọ́ o, ìjọba wà níbẹ̀, àwọn àjọ ńlá wà níbẹ̀, àti àwọn obìnrin tó ń gbé pẹpẹ oògùn láti ojúlé dé ojúlé nínú oòrùn. Mo rántí wọn, wọ́n máa ń fi yíǹkì kun ọmọ léèékánná.

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá bi í pé, "Màdáámú, láti 1985 dé 2020, ọdún mélòó ni?"

Ó ní, "Márùndínlógójì."

Mo ní, "Bí ọdún kan bá jẹ́ ti ààrẹ kan, ààrẹ mélòó ló jẹ?"

Ó ní, "Márùndínlógójì náà."

Mo ní, "Ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò rọ?"

Kò dá mi lóhùn. Oníbàárà kan wọlé wá ra oògùn ibà, ó dìde lọ tà á fún un. Nígbà tó padà, ó ní kí n má gbàgbé láti wá síbi ìwúyè lọ́jọ́ Sátidé.

Mo lọ. Wọ́n fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìjókòó ni. Nígbà tí mo wo inú gbọ̀ngàn tí mo rí aró mi lára ọgọ́ta èèyàn, omijé bọ́ lójú mi. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n lu aago, ààrẹ àtijọ́ bọ́ ẹ̀wọ̀n oyè kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn Màdáámú. Ọkùnrin tó gbẹ́ kànga wa náà wà níwájú, ó wọ agbádá funfun, òun nìkan ni kò wọ àdìrẹ.

Màdáámú dìde sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ lórí ìkíni. Ó ní, "Lọ́dún tèmi, a kò ní gbẹ́ kànga kankan. A óò tún mẹ́ta tí a ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe, orúkọ tó wà lára wọn ni yóò sì wà lára wọn." Gbọ̀ngàn dákẹ́ bí ìgbà tí iná lọ. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, èmi ni. Àwọn kan darapọ̀, kò ṣe kíkan-kíkan. Nígbà tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ owó, mo gbọ́ tí obìnrin kan níwájú mi ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ta ló ń fowó sórí àtúnṣe? Owó tó wọlé kò tó èyí tí wọ́n ti ń retí. Ọkùnrin alágbádá funfun kò dá kọ́bọ̀. Ó dìde kí wọ́n tó pín oúnjẹ.

Oúnjẹ náà dùn o, n kò ní torí ọ̀rọ̀ kànga parọ́ mọ́ ìrẹsì.

Oṣù Kẹjọ tán, a kò rí wọn. Oṣù Kẹsàn-án tán. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ìwé owó omi mi ti já sí asán. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá, mọ́tò kan dúró. Ta ló sọ̀kalẹ̀? Alágbádá funfun ni, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, òun àti oníná kan. Ó lọ sídìí kànga, ó lé ewúrẹ́, ó dúró níwájú orúkọ ara rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, n kò sì ní dá a lábàá. Ó yí sí mi, ó ní, "Ìyá, láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Mo ní a wá, a kò bá a ni. Ó ní kí oníná náà fa pọ́ǹpù jáde.

Ẹgbẹ́ ló ra pọ́ǹpù tuntun, òun ló fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ agbára iná kó má bàa jó o mọ́. Màdáámú ní wọn kò ní tan iná sí i títí a óò fi yan èèyàn márùn-ún tí yóò máa bójú tó o. Wọ́n yan èmi náà. Ogún náírà ni kẹ́ẹ̀gì kan, inú kóló onírin ni owó ń wọ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí mo bú lọ́jọ́sí. Òun ló tún ń tan ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá ní omi ọ̀fẹ́ kọ́ ni, èmi ni mo máa ń dáhùn, ọmọ náà á kàn máa rẹ́rìn-ín.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọdún Màdáámú pé. Wọn kò tíì parí kànga kẹta nígbà náà. Ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, áńkárá ni wọ́n rà fún ìwúyè tiẹ̀, kò kan aláró. Mo ní ó dáa, ibi tó máa parí sí nìyí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó jẹ, mò ń ṣan aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin gíga kan dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Ó ní òun ni ààrẹ tuntun, pé ẹni tó ṣáájú òun ní kí òun wá bi wá ní iye tó wà nínú kóló. A pe ọmọkùnrin náà, a fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ṣí i, a kà á lójú rẹ̀: ₦43,660. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, ó kọ ìyẹn náà. Ó wo ògiri títí. Mo ní kí ọmọ mi gbé àga fún un, ó ní kí a má ṣe ìyọnu, kànga kẹta ni òun ń lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, aṣọ ẹbí ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó máa jẹ lẹ́yìn òun ni kí n lọ bá ná an.